Lẹ́tà owó páàkì dé sílé yín ní England? Ẹ má tíì san án

Ẹ má tíì san án, ẹ má sì jù ú nù. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá mú irú lẹ́tà yìí wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń wakọ̀ láti ilé kan dé òmíràn, £100 sì tó owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún wọn. Ó máa ń dùn mí wọra bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sanwó tí kò jẹ, kìkì nítorí pé ẹ̀rù bà á.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó kọ lẹ́tà náà: ṣé kánsù ni àbí ilé iṣẹ́ aládàáni? PCN ni wọ́n máa ń kọ sórí méjèèjì, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Penalty Charge Notice ti kánsù jẹ́ owó ìtanràn lábẹ́ òfin, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀. Kì í ṣe òun ni mò ń sọ níbí. Parking Charge Notice ti ilé iṣẹ́ aládàáni jẹ́ ìwé owó lásán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé pátákó tó wà níbẹ̀ jẹ́ àdéhùn, pé ẹni tó wakọ̀ wọlé ti gbà á, ó sì ti yẹ̀ ẹ́. Kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀, kò sì kan láísẹ́ǹsì yín.

Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹ san án. Lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ ParkingEye àti Beavis, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain sọ pé £85 tí wọ́n bù fún ọkùnrin kan tó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá àkókò ní Chelmsford tọ́, torí pé àwọn pátákó ibẹ̀ pọ̀, wọ́n sì hàn kedere. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “ẹ dà á nù, wọn ò lè ṣe nǹkan kan”, ìmọ̀ràn àtijọ́ ló ń gbà yín. Kó tó di October 2012, ẹni tó wakọ̀ nìkan ni wọ́n lè lé. Òfin Protection of Freedoms Act 2012 ló fún wọn láyè, ní England àti Wales, láti gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀. Àmọ́ ó ní ìlànà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ẹ ka ọjọ́. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà ló ya nọ́ńbà ọkọ̀, tí wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ gíláàsì iwájú, lẹ́tà gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí ọkọ̀ wà níbẹ̀. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa mú tirẹ̀ wá: ọjọ́ 3 March 2025 ni ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ 17 March ni wọ́n kọ sókè lẹ́tà náà. Ó rò pé ó bọ́ sáàárín ọjọ́ 14 géérégé. Rárá o. Òfin gbà pé ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ń dé. Ọjọ́ 17 yẹn gan-an ni ọjọ́ kẹrìnlá, lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà á dé ní ọjọ́ 19. Ó ti pẹ́ jù. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọkọ̀, lẹ́tà tó ń wá sílé kò gbọ́dọ̀ yá ju ọjọ́ 29 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 56.

Ohun tó lè ba gbogbo èyí jẹ́ ni kí ẹ kọ̀wé pé “mo páàkì síbẹ̀”. Ẹ ti sọ ẹni tó wakọ̀ fún wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 ò sì wúlò mọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ni ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì máa pe ẹni tó wakọ̀ ní “the driver” jálẹ̀. Irọ́ kọ́ lẹ pa. Kò sí òfin tó ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ padà lọ síbi tí ọkọ̀ wà kí ẹ ya fọ́tò pátákó ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ alẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, alẹ́ ni kí ẹ lọ. Ṣé iná wà lórí rẹ̀? Ṣé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè ka iye owó náà? Ẹ rántí pé àkókò tí ọkọ̀ wọlé àti ìgbà tó jáde ni kámẹ́rà ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe àkókò tó fi dúró. Ìlànà tiwọn fúnra wọn sì ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un lẹ́yìn tí àkókò tí ẹ san owó fún bá pé.

Kámẹ́rà náà tún máa ń ka ìbẹ̀wò méjì sí ẹyọ kan. Wọ́n bu owó fún bùrọ̀dá kan pé ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ọgbà ilé ìtajà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ ni ọkọ̀ náà yà síbẹ̀, ó jáde, ó tún padà lẹ́yìn iṣẹ́. Kámẹ́rà rí ìgbà tó kọ́kọ́ wọlé àti ìgbà tó jáde kẹ́yìn, kò rí ti àárín. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ inú fóònù rẹ̀, èyí tó ń tẹ̀ bó bá ti dé ilé arúgbó kọ̀ọ̀kan, ló gbà á sílẹ̀.

Ọ̀nà tó yá jù ni máníjà ilé ìtajà náà. Bí ẹ bá ra nǹkan níbẹ̀, ẹ mú rísíìtì lọ, kí ẹ rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí wọ́n fagi lé e. Àwọn tó ni ilẹ̀ ló gba ilé iṣẹ́ páàkì yẹn síṣẹ́.

Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 28. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ lè pẹjọ́ sí fún yín: POPLA fún àwọn tó wà lábẹ́ BPA, IAS fún àwọn ti IPC (BPA àti IPC ni ẹgbẹ́ méjì tí àwọn ilé iṣẹ́ páàkì ń wà lábẹ́ wọn). Ọ̀fẹ́ ni. Èmi fọkàn tán POPLA ju IAS lọ, àmọ́ kò sí èyí tí ìpinnu rẹ̀ de ẹ̀yin nínú méjèèjì. Ilé iṣẹ́ náà ló dè bí ẹ bá jàre. Gbogbo ẹjọ́ yín ni kí ẹ kó síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìbéèrè yìí: ibo ni ìwé tí ẹni tó ni ilẹ̀ fi fún yín láṣẹ wà?

Lẹ́yìn náà, àwọn agbowó gbèsè lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà aláwọ̀ pupa, kí wọ́n fi £70 kún un. Wọn kì í ṣe bailiff, wọn ò sì lè kó ẹrù ẹnikẹ́ni. Ẹ tọ́jú àwọn lẹ́tà náà, ẹ má dá wọn lóhùn.

Lẹ́tà méjì ni kò ṣeé fojú di. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti dáhùn Letter Before Claim, ìyẹn lẹ́tà ìkìlọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbé yín lọ sí kóòtù. Èkejì ni ìwé ẹ̀sùn tó ń wá láti kóòtù ní Northampton. Ẹ tètè fi hàn pé ẹ ti rí i, èyí á fún yín ní ọjọ́ 28 dípò 14 láti kọ ìdáhùn. Bí ẹ bá dákẹ́, kóòtù á dá yín lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu yín.

Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń kó sí wàhálà. A ń kó láti yàrá kan sí òmíràn, àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà lórí V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo lẹ́tà ń lọ, torí ọ̀dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀, ni àwọn ilé iṣẹ́ páàkì ti ń gba àdírẹ́sì. Ìgbà tí ẹni náà bá fẹ́ gba ilé tuntun ló tó ń mọ̀ pé ìdájọ́ kóòtù ti wà lórí orúkọ òun. Bí ẹ bá ti kó, ẹ yí àdírẹ́sì V5C padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tí ẹjọ́ bá sì ti wà nílẹ̀, ẹ fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú.

Bó bá dé kóòtù, small claims ni, ìyẹn ẹjọ́ owó kékeré. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín, kì í sì í sábà jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó lọ́yà wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù fún ìlàjà, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Bí adájọ́ bá dá yín lẹ́bi, ẹ san owó náà pé láàárín oṣù kan, wọ́n á yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìdájọ́ kóòtù sí. Bí oṣù náà bá kọjá, ọdún 6 ló máa fi wà níbẹ̀.