Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wakọ̀ lọ Èkìtì nínú òjò yìí
Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ gbéra ní Berger lọ Èkìtì àti Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ wáípà tó ti gbó àti táyà tó ti dán kẹ́ ẹ tó kúrò l'Ékòó. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, torí tẹ́ ẹ bá kọjá Iléṣà tẹ́ ẹ wá ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, òkè ló yí ìlú yẹn ká, kùrukùru lè bolẹ̀ tójò bá ti rọ̀, ẹ má tan fúùlù láìtì sí i o, ṣe ló máa tàn padà sójú yín, iná ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà kékeré sí i, ẹ má tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí, tó bá gbóná jù kò ní mú mọ́. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí afárá Third Mainland tó tẹ́jú ló mọ́ wa lára. Ti Ìdànrè, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gun òkè ibẹ̀ lé ní 600, àpáta sì máa ń yọ̀ bí ilá lẹ́yìn òjò, ẹ sùn sí Àkúrẹ́ ná, kẹ́ ẹ gùn ún tó bá gbẹ.