Aṣọ BP tó gba apá Ìyá Elélùbọ́: owó àpò mi ló bá a lọ

Inú ṣì ń bí mi o. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àwọn obìnrin ọjà ló pọ̀ jù nínú wọn, apá wọn sì ki pọ́pọ́. Aṣọ BP (èyí tí à ń wé mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa, apá tí kò ju 32 sẹ̀ntímítà lọ ni wọ́n ṣe é fún. Bí aṣọ yẹn bá sì kéré fún apá, ohun tó máa kà á ju òótọ́ lọ.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló wá jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lérí. BP wọn kò wálẹ̀, ni dókítà bá gbé amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kúrò ní 5 mg sí 10, ni ẹsẹ̀ bá wú. Màmá ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé jàbùtẹ̀ lẹ fẹ́ fi kún ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni?" Wọ́n fi ìbínú padà sí 5 mg fúnra wọn. Mo fi téèpù télọ̀ wọn apá wọn: 43 sẹ̀ntímítà!

Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù wa ní kò sí owó aṣọ ńlá lọ́dún yìí. Mo bá ra á fúnra mi lọ́wọ́ ẹnì kan l'Ékòó tó ń polówó lórí WhatsApp. Aṣọ dé, ó tóbi dáadáa, àmọ́ rọ́bà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ti ẹ̀rọ oníbátìrì. Ẹ̀rọ tiwa, èyí tí à ń fọwọ́ fún, rọ́bà méjì ló ń lò: ọ̀kan lọ síbi tí à ń fún, ìkejì lọ sára aago. Mo sì ti fi fọ́tò ẹ̀rọ wa ránṣẹ́ sí i kí n tó sanwó o!

Mo pè é. Ó ní ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun kì í padà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo sanwó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀. Èyí tó wá fi ránṣẹ́, rọ́bà méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jò. Bí mo bá ti fún un tán, kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, aago ti ń sáré wálẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí, ni mo ti padà rí èyí tó dáa. Mo gbé ẹ̀rọ wa dání lọ, mo so wọ́n pọ̀, mo fún un lójú ẹni tó ń tà á kí n tó yọ owó. Ẹ má rà á lọ́nà mìíràn.

 Mo tún wá àga tó ní ẹ̀yìn, mo ní kí àwọn tó wá wọn BP fi ìṣẹ́jú 5 sinmi lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnu dákẹ́. (Ẹ wá ní kí ìyá ọjà panu mọ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí n wò yín.) Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, aṣọ kékeré ka 164/100 fún màmá, ńlá ka 148/92. Ó ṣì ga, oògùn ò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Dókítà fi wọ́n sílẹ̀ lórí 5 mg, ó fi oògùn kejì tí kì í wú ẹsẹ̀ kún un. Ẹsẹ̀ ò wú mọ́. Ìwọ̀n apá ti wà lórí káàdì gbogbo wọn báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn!

Ẹni tó ń tọ́jú ẹrù ti kọ nọ́ńbà sára aṣọ náà, ó ti di ẹrù ìjọba. Mo béèrè owó mi, títí kan èyí tó bá ti Èkó lọ, wọ́n ní kí n lọ gba rìsíìtì wá lọ́wọ́ ará Èkó yẹn.