Ohùn Akọrin Wa Pòórá Lórí Fóònù, Mo sì San Owó Mixing Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ mixing (pípo ohùn àti ìlù pọ̀ di orin kan) fún gba owó rẹ̀ pé. Orin tó dá padà fún mi, bí èèyàn bá fi fóònù gbọ́ ọ, kò sí akọrin níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.

Orin pọ́ọ̀pù ni, àmọ́ irú èyí tí a fi ń dán ohun tuntun wò: ìlù tí a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ha, ariwo ẹ̀rọ tí a gé wẹ́wẹ́, ohùn tí a tò léra wọn. A gba ohùn sílẹ̀ ní 24-bit, 48 kHz, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń gba ohùn sílẹ̀ kedere. Ìyẹn ò le rárá.

Nínú headphone, ohùn náà fẹ̀, ó yí mi lórí ká. Bí mo ṣe gbé e sórí fóònù tó ní sípíkà kan ṣoṣo, ìlù ń dún, bass ń dún, akọrin ti wábi gbà. Mo pe ọ̀gá tó ṣe mixing náà, ó ní fóònù mi ni kò dáa. Mo yá ti ẹlòmíràn, bákan náà ni. Ló bá ní ṣebí orin àrà ni à ń ṣe, kí la tún ń retí? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Bí nǹkan yóò bá bàjẹ́ nínú orin wa, àwa la ó bà á jẹ́ fúnra wa!

Gbohùngbohùn ló tú àṣírí. Ohùn gan-an kò sí, àmọ́ reverb rẹ̀, ìyẹn gbohùngbohùn tí a fi ẹ̀rọ ṣe, ṣì ń dún fíntín lẹ́yìn. Mo ṣí iṣẹ́ náà, mo yí i sí mono (tòsì àti tọ̀tún papọ̀ di ọ̀kan), mo ń tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan plug-in, ètò kékeré inú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀gá náà fi mú ohùn fẹ̀. Ohùn kan náà ló gbé sí òsì àti ọ̀tún, ó wá yí ti ọ̀tún lódì: bí ìgbì ohùn bá gòkè níhìn-ín, á sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú headphone, etí kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Lórí sípíkà kan, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Reverb ò pòórá nítorí pé tòsì àti tọ̀tún rẹ̀ kò bára mu.

Èmi ni mo rí i, kì í ṣe ẹni tó gbowó. A yọ plug-in náà kúrò, akọrin tún ìlà kan náà kọ lẹ́ẹ̀kejì, a gbé ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó lè kọrin bákan náà gẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà wọn ò lè pa ara wọn rẹ́. Ó fẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ! Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ̀, kò dá kọ́bọ̀ padà, mo sì ní láti sanwó fún ẹlòmíràn kó tó parí.

Mastering, àtúnṣe ìkẹyìn kí orin tó jáde, ò pẹ́. A ò fún orin pa kó lè pariwo, torí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó lápapọ̀) ni Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń fà á sí. A fi òkè rẹ̀ sí -1 dBTP (ìwọ̀n ibi tí ohùn ga dé jù).

Ẹ má san owó tán kí ẹ tó gbọ́ ọ ní mono. Kí ẹ sì gba fáìlì ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá tún gbogbo orin náà gbà sílẹ̀.