Bí A Ṣe Ń Ka Èdìdì Ọba Ilẹ̀ Faransé

Òǹtẹ̀ ni irin tí wọ́n gbẹ́. Èdìdì ni ohun tó tẹ̀ sára ìda. Òǹtẹ̀ àwọn ọba Faransé àtijọ́ ṣọ̀wọ́n, torí wọ́n máa ń fọ́ ọ tí ọba bá wàjà. Ìda ni ẹ ó máa wò, tàbí fọ́tò rẹ̀, tàbí ẹ̀dà tí wọ́n fi pilásítà ṣe. Archives nationales, ilé àkójọ ìwé ìjọba Faransé ní Paris, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ ra awò olówó ńlá. Kámẹ́rà fóònù tó. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè: òjìji ló ń gbé lẹ́tà jáde.

Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ àwọ̀ ìda sílẹ̀. Ìda aláwọ̀ ewé lórí okùn sílíìkì pupa àti aláwọ̀ ewé wà fún ìwé tí wọ́n fẹ́ kó wà títí láé. Ìda aláwọ̀ ìyeyè wà fún ọ̀rọ̀ tí kò ní pẹ́ kọjá.

Ọba kọjú sí yín lórí ìtẹ́, nítorí náà ọwọ́ tó wà lápá òsì yín ni ọ̀tún rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó fi odindi ojú ìwé méjì ṣàlàyé ìdí tí ọba fi fi ọwọ́ òsì mú òdòdó. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ó ku lẹ́tà, ibi tí wàhálà wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi àgbélébùú kékeré lókè, kí ẹ yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. LVDOVICVS DI GRA FRANCORVM REX: Louis, ọba àwọn Faransé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run. DI ni Dei, GRA ni gratia. Ó dáa, Louis wo? Òǹkà kò sí níbẹ̀! Louis kẹfà, ìkeje, ìkejọ, ìkẹsàn-án, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹ má fi irùngbọ̀n mọ̀ ọ́n. Ẹ yẹ ẹ̀yìn èdìdì wò. Bí ẹ bá rí ẹlẹ́ṣin àti DVX AQVITANORVM (olórí àwọn ará Aquitaine), Louis keje ni, ẹni tó fẹ́ Aliénor ará Aquitaine ní 1137.

Òdòdó lílì, àmì àwọn ọba Faransé, ńkọ́? Ẹ ka iye rẹ̀, ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Òdòdó tí wọ́n fọ́n ká orí apata ṣáájú. Mẹ́ta péré di àṣà láyé Charles karùn-ún, ní nǹkan bí 1376.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jean-Jacques Chifflet, dókítà tó tún ń kọ ìwé nípa ohun àtijọ́. Ní 1653, wọ́n hú sàréè kan jáde ní Tournai, ìlú kan ní Belgium òde òní. Òrùka èdìdì wà níbẹ̀, ó kọ CHILDIRICI REGIS, àwọn kòkòrò oyin oníwúrà sì pọ̀ lọ jàra. Lẹ́tà ló jẹ́ ká mọ̀ pé Childeric, ọba àwọn Frank ìgbàanì, ló ni sàréè. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ ní 1655, Chifflet ní oyin yẹn gan-an ló di òdòdó lílì. Ojú inú lásán! Wọ́n jí òrùka náà ní Paris ní 1831. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a ń kà báyìí.

Nítorí èyí, ìwé kan ni mo fi ń kọ ohun tí mo rí, òmíràn ni mo fi ń kọ ìtumọ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Níbi tí ìda ti fọ́, ẹ fi àmì akámọ́ síbẹ̀, ẹ má kọ lẹ́tà tí ẹ kò rí. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, torí fọ́tò mìíràn lè gbé lẹ́tà yẹn jáde lọ́la.