Bí a ṣe rí ilé-iṣẹ́ tó ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ibi iṣẹ́ wa tó jìnnà

Wáyà iná kò dé ibi iṣẹ́ wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ sì ń ṣe ségesège. Kámẹ́rà orí tírélà tí a kọ́kọ́ háyà máa ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́, dátà sì máa ń tán kí oṣù tó dé ìdajì.

Dátà ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Kámẹ́rà kan ṣoṣo tó ń fi fídíò ránṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní 2 Mbps (ìyẹn mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan) yóò jẹ nǹkan bí 21.6 GB lójúmọ́. Ta ló fẹ́ san ìyẹn fún kámẹ́rà mẹ́rin? Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí a wá mú ń tọ́jú fídíò sórí tírélà fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá rí ènìyàn tàbí ọkọ̀ nìkan ló ń fi fídíò kúkúrú ránṣẹ́. SIM ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ní ti iná, mo ní kí wọ́n ṣírò páànẹ́lì sólà fún oṣù tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Bátìrì lithium ni mo yàn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹni tó ń wo kámẹ́rà náà lóru. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé tírélà tirẹ̀ wá síbi iṣẹ́ gan-an fún ìdánwò. Mo wọ ibẹ̀ lóru láìsọ fún wọn, mo ń wo aago títí fóònù mi fi dún. Àwọn tó tètè pè ni a bá tọwọ́ bọ̀wé, lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tiwa ni gbogbo fídíò náà.