Bátìrì ló jẹ mí lówó jù: bí mo ṣe dán bàálù oníná wò lórí ilẹ̀ kó tó fò

Owó bátìrì bàálù yìí di ìlọ́po méjì mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀tàn ọlọ́jà ló sì fà á. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn bátìrì kéékèèké tí a ń so pọ̀ di ńlá, tí wọ́n tà fún mi ní Ìkẹjà, tuntun ni wọ́n pè é, 5Ah (bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tó dé Òṣogbo tí mo gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá 3Ah. Rọ́bà tí wọ́n fi wé wọn nìkan ló jẹ́ tuntun. Mo bó o, mo rí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ irin mọ́ wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá fà á ya, ó rí págunpàgun lórí àti nídìí. Tó bá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì ni, èèyàn lè mú un mọ́ra. Fún ohun tí ẹlẹ́mìí máa jókòó sí lókè, ìwà ìkà gbáà ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí fírémù, apá àti táyà. Ẹni tó bá kan bàálù dé ibí ti mọ ìyẹn. Èèyàn kan ṣoṣo ni bàálù tèmi ń gbé, mọ́tò rẹ̀ ń jẹ 10kW tó bá ń gòkè. Ìdì 24 ni mo so tẹ̀léra, sẹ́ẹ̀lì 12 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Tó bá kún, 4.2V ni ìdì kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100.8V. Nígbà tí mọ́tò bá ń fà á gidi, ó lé ní 110A, bíi 10A lórí sẹ́ẹ̀lì kan.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn yẹn ti lè pààyàn. Sẹ́ẹ̀lì tó dára, tí rẹ̀sístánsì rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́) jẹ́ 20mΩ, á pàdánù 0.2V. Èyí tó ti gbó dé 60mΩ á pàdánù 0.6V; tí a bá ro ti ìdì 24 pọ̀, ó ju 14V lọ. BMS (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì) tí wọ́n ń tà fún kẹ̀kẹ́ oníná ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sí i. Tí ìdì kan ṣoṣo bá já sí 2.8V, á pa gbogbo iná láìkìlọ̀. Lórí títì, kẹ̀kẹ́ á kàn dúró ni. Àmọ́ bàálù tó ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 150, imú rẹ̀ wà lókè, eré rẹ̀ ò tó nǹkan. Tí mọ́tò bá kú, àfi kí awakọ̀ tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó sì balẹ̀ síwájú. Kò sí àyè láti yí padà. Ẹ́ńjìnnì epo á kọ́kọ́ wúkọ́. Mọ́tò iná kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe pàápàá kò yọ sílẹ̀: ní oṣù Kẹjọ 2019, Pipistrel Alpha Electro kan pàdánù agbára ní Norway, ó já sínú adágún omi. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ yè é.

Nítorí náà mo yọ BMS kúrò lójú ọ̀nà mọ́tò, mo fi í sílẹ̀ fún ṣájà nìkan. Mítà tó ń wo ìdì kọ̀ọ̀kan wà níwájú awakọ̀, á dún tí ìdì kan bá dé 3.3V, kóńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná lọ sí mọ́tò, á sì máa dín agbára kù díẹ̀díẹ̀. Fíúsì ọkọ̀ ilẹ̀ ò wúlò níbí: 32V ni wọ́n ṣe é fún; ní 100V, iná á máa fò kọjá lórí èyí tó ti jó. Ẹ wá fíúsì DC tó gba 100V sókè.

Láti dán an wò lórí ilẹ̀, mo so ìrù bàálù mọ́ òpó kọnkéré, mo fi òṣùwọ̀n sáàárín okùn kí n lè mọ bó ṣe ń fà tó. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é, nínú oòrùn Òṣogbo, torí òwúrọ̀ tútù máa ń bo àṣírí. Ẹ má fi bátìrì tó kún nìkan dán an wò. Ẹ jẹ́ kó kù bí ìdá kan nínú mẹ́ta kí ẹ tún fún un ní gbogbo agbára, torí irú ipò tó máa wà nìyẹn tí ìbalẹ̀ bá bàjẹ́ tó sì ní láti tún gòkè. Bó sì ṣe wúwo nígbà tó gbéra náà ló ṣe máa wúwo nígbà tó bá ń balẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò á wá wòran. Abẹ̀bẹ̀ tó ń fa bàálù ò ní dún títí tó fi máa yí, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ iná gbọ́dọ̀ wà lápò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́gbọọgba. Tí sẹ́ẹ̀lì bá dé 60°C, ẹ pa á. Tí ìdì kan bá fi ju 0.05V lọ yàtọ̀ sí àwọn yòókù nígbà tí mọ́tò bá ń fà á gidi, ẹ tú u. Bí mo ṣe tú tèmi nìyẹn, tí mo fi ra sẹ́ẹ̀lì mìíràn.