Day trading: ẹ kọ́kọ́ kọ́ bẹ́ẹ ṣe máa pàdánù níwọ̀nba

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ́ẹ ń bi mí bẹ́ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ day trading, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ OOU l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ èrè tì ná. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàdánù níwọ̀nba, torí tí àkáǹtì bá ti kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí lẹ fẹ́ fi kọ́ ìyókù?

Iṣẹ́ náà ò le ṣàlàyé. Ẹ ra nǹkan, ẹ tà á lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò jẹ́ kó sùn mọ́ yín lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ yúrò sí dọ́là, ó lè jẹ́ góòlù, ó lè jẹ́ ṣíà ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ta obì ní Sábó, Ṣágámù, náà ń rà wọ́n ń tà, àmọ́ tí owó obì bá já wálẹ̀, obì wọn ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé wé e, wọ́n á dúró de ọjà míì. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀, leverage ló fà á, ìyẹn owó tí bírókà (ilé iṣẹ́ tẹ́ẹ ń gbà ra ọjà) ń yá yín kẹ́ẹ lè di ọjà tó ju owó yín lọ mú.

Bírókà á ní òun fún yín ní 1:500, ìyẹn ni pé 100 dọ́là yín á lè di ọjà 50,000 dọ́là mú, inú yín á máa dùn, ẹ ò ní rí i pé tí ọjà yẹn bá fi 0.2 pasẹ́ńtì péré lọ síbi tẹ́ẹ ò fẹ́, gbogbo 100 dọ́là yẹn ti lọ nìyẹn. Lọ́dún 2018, ESMA tó ń mójú tó irú ọjà yìí ní Yúróòpù sọ pé bírókà ò gbọdọ̀ fún aráàlú ju 1:30 lọ lórí àwọn owó ńláńlá, wọ́n sì ní àkáǹtì 74 sí 89 nínú 100 ló ń pàdánù. Àwọn kan tún yẹ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ day trading ní Brazil láàárín 2013 sí 2015 wò, nínú àwọn tó tẹpẹlẹ mọ́ ọn ju 300 ọjọ́ lọ, 97 nínú 100 ló pàdánù owó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ẹ tó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀.

Ó yá, ìṣirò. Ká ní 100 dọ́là ló wà nínú àkáǹtì yín, ẹ pinnu pé trade kan ò ní gbà ju dọ́là kan lọ lọ́wọ́ yín. Tẹ́ẹ bá ra yúrò sí dọ́là ní 0.01 lot (lot ni wọ́n fi ń wọn bí trade ṣe tóbi tó), tó kéré jù lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ bírókà, pip kan, ìyẹn ìṣísẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ka bí owó ṣe ń lọ sókè sódò, jẹ́ sẹ́ǹtì 10, torí náà stop loss yín, àṣẹ tó máa ti trade náà fúnra ẹ̀ tí ìpàdánù bá dé ibi tẹ́ẹ fi sí, ò gbọdọ̀ jìnnà ju pip 10 lọ. Tí ṣáàtì bá ní ó yẹ kó jìnnà tó 20, ẹ fi trade yẹn sílẹ̀, ẹ má sún stop loss. Ẹni tó ń jẹ́ kí trade kan lè gba 20 pasẹ́ńtì àkáǹtì ẹ̀, tó bá ṣìnà lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, nǹkan bíi 33 dọ́là ló kù sí i lọ́wọ́ nínú 100, ó sì ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Spread, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tẹ́ẹ fi ń rà àti iye tẹ́ẹ fi ń tà, náà ń jẹun o: tó bá jẹ́ pip 1.5, sẹ́ǹtì 15 ti lọ ní gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá wọlé, ẹ wọlé lẹ́ẹ̀ogún lójúmọ́, 3 dọ́là ti lọ kẹ́ẹ tiẹ̀ tó mọ̀ bóyá ẹ jèrè.

Stop loss yẹn, ẹ fi sórí sáfà bírókà bẹ́ẹ ṣe ń wọlé gan-an. Iná lè lọ n'Íjẹ̀bú-Òde nísinsìnyí, dátà lè tán, fóònù lè kú, ó ṣì máa wà níbẹ̀. Àmọ́ kò dájú ní gbogbo ìgbà. Ní January 15, 2015, báǹkì àpapọ̀ Switzerland ṣàdédé jáwọ́ nínú 1.20 tí wọ́n fi ń ti owó wọn mọ́ yúrò, ọjà fò kọjá stop loss àìmọye èèyàn, àwọn míì wá ń jẹ bírókà ní gbèsè.

Ọgbọ́n kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ mú kọ́. Mo fẹ́ràn àárọ̀ London: ọjà wọn ń ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa láti ìparí Máàṣì sí ìparí Ọ̀kìtóbà, aago mẹ́sàn-án láwọn oṣù yòókù. Ẹ fi ìlà sí ibi tó ga jù àti ibi tó relẹ̀ jù tí owó dé lóru, ẹ dúró kí candle ìṣẹ́jú 15 (ọ̀pá orí ṣáàtì tó ń fi bí owó ṣe rìn láàárín ìṣẹ́jú 15 hàn) parí sókè tàbí nísàlẹ̀ ìlà, ẹ tún dúró kó padà wá fọwọ́ kan ìlà náà kẹ́ẹ tó wọlé. Èrè tẹ́ẹ ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tẹ́ẹ lè pàdánù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ́ẹ bá gbà á nínú mẹ́wàá ti tó, ẹ yọ owó spread kúrò ṣá. Lọ́jọ́ tí Amẹ́ríkà bá ń kéde iye iṣẹ́ tó wọlé lóṣù, tó máa ń bọ́ sí Friday àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Demo, àkáǹtì ìdánrawò tí kò sí owó gidi nínú ẹ̀, ni kẹ́ẹ fi ṣe gbogbo ẹ̀ fóṣù mélòó kan, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: ìdí tẹ́ẹ fi wọlé, ibi tẹ́ẹ jáde, bí ọkàn yín ṣe rí.

Owó èésú, owó sukúù, owó aṣọ Ọjúde Ọba, ìkankan nínú wọn ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní kẹ́ẹ kó owó wá kí òun bá yín trade ẹ̀, ẹ sá fún un. CBEX, tó ń gba owó èèyàn lórí ayélujára, ní AI ló ń bá àwọn èèyàn trade, nígbà tó di April 2025 owó ò jáde mọ́, SEC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, sì ní wọn ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kódà bírókà tẹ́ẹ fọkàn tán, ẹ dán an wò: ẹ fi owó kékeré sí i, ẹ trade díẹ̀, ẹ yọ ọ́ padà sí báǹkì yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ san owó kan ná kí tiyín tó jáde, ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí SEC.